Ọwọ́ Tí A Kò Tíì Mọ̀ Lára

Kíkà: Hóséà 11:1–4

Olùfẹ́, jọ̀wọ́ ka ẹsẹ kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó tẹ̀ síwájú. Ọlọ́run ń rántí ìgbà tí Éfúráímù ṣì kéré, tí kò lè dá rìn, tí Òun fúnra Rẹ̀ dì í lápá mú, tó ń kọ́ ọ bí a ti ń gbẹ́sẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ló máa ń dá mi dúró: ọmọ náà kò mọ̀ pé Ẹni yìí ló ń wo òun sàn.

Lórí àga ìwàásù, bí ẹ̀sùn àìmoore ni a sábà máa ń gbọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti sin ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lọ sí yàrá físíò, níbi tí wọ́n ti ń tún ara kọ́ bí a ti ń rìn, rí, wàá mọ̀ pé ènìyàn lè má mọ̀ pé a di òun mú, kó má sì jẹ́ aláìmoore rárá. Ara rẹ̀ ni kò tíì lè sọ fún un. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ jókòó sí lónìí.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá mú ènìyàn, apá kò ṣẹ́, ẹsẹ̀ kò ṣẹ́. Inú ọpọlọ ni nǹkan ti bàjẹ́. Bóyá ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, bóyá ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́. Ibi tí kò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́ á kú, iṣẹ́ tó ń rán sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á sì dákẹ́. Bó bá jẹ́ ìhà òsì ọpọlọ ló kàn, ìhà ọ̀tún ara ni yóò rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ nǹkan lára dáadáa níhà ibẹ̀ mọ́. Ní kí wọ́n dijú, kí o gbé ọwọ́ wọn sókè, wọn ò ní lè sọ bóyá òkè ló wà tàbí orí itan.

Ibi tó kú nínú ọpọlọ kì í jí. Ṣùgbọ́n ibi tó kù láàyè lè kọ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí afárá bá já, ará ìlú kì í torí ẹ̀ ṣíwọ́ ọjà níná; wọ́n á wá ọ̀nà gbà nínú igbó, bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, igbó á di ọ̀nà. Físíò ń bá aláìsàn tẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́.

Mo mọ Bàbá kan ní Ìbàdàn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kọ̀wé sójú pátákó fún ọ̀pọ̀ ọdún ló wá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní yàrá físíò lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí o wo bó ti ń ṣe é.

Kò kàn gbá a lọ́wọ́ mú. Ó fa àpótí ìjókòó kékeré kan, ó jókòó níhà tó rọ, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fẹ́ mú o." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbé ìgúnpá Bàbá, ó fi èkejì kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Kò ká ìka mọ́ ọn. Àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́jú ló fi ń kàn án, lójú kan ṣoṣo, nítorí pé bí a bá fún ọwọ́ náà lójú méjèèjì, ara kò ní mọ ibi tí à ń pè é lọ.

"Ẹ má ṣe nǹkan kan, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e fún yín. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Ó gbé e láti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí òsì, ó fi dábùú àyà lọ sókè èjìká ọ̀tún, ọ̀nà kan náà tí ọwọ́ ń gbà nígbà tí a bá ń ká apá agbádá. Àwọn físíò mọ̀ pé ara wa kì í sábà rìn lójú ọ̀nà títọ́. Yálà à ń bu oúnjẹ sẹ́nu ni, yálà à ń wọ ẹ̀wù ni, ọwọ́ ń dábùú ara ni, ó sì ń yí bó ti ń lọ. Ọmọ náà gbé e lọ, ó gbé e bọ̀, ó tún gbé e lọ. Kò yára jù, kò sì falẹ̀ jù. Ohùn rẹ̀ kò yí padà.

Ojú Bàbá ti kúrò lára ọwọ́ náà, ó ti ń wo ojú fèrèsé. Lójijì ó bèèrè pé, "Ṣé o ti dì í mú?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti dì í mú, sà."

Àwa tí a wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ló wá bojú wo ọwọ́ méjèèjì, tirẹ̀ àti ti ọmọ náà, tí wọ́n jọ ń lọ, tí wọ́n jọ ń bọ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Olùfẹ́, wo iye àdúrà wa tó jẹ́ ìbéèrè Bàbá yìí gan-an. Olúwa, ṣé O ti dì mí mú? A máa ń bi í lóru nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ kò tíì pé. A máa ń bi í lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. A máa ń bi í nígbà tí ọkàn bá gbẹ tí orin kankan kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí à ń retí ni kí a mọ̀ ọ́n lára: kí omijé bọ́, kí àyà fúyẹ́, kí nǹkan kan ṣáà ṣẹlẹ̀ nínú wa. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, a ó ní kò sí ẹni tó dì wá mú.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ tí Bàbá mọ̀ ọ́n kọ́ ló gbé ọwọ́ rẹ̀ ró. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Gbogbo àkókò tí kò fi mọ̀, ọwọ́ ọmọ yẹn kò yẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọmọ náà yí ọ̀rọ̀ padà. "Ó yá, sà, ẹ bá mi gbé e díẹ̀." Mo la ojú sílẹ̀, èmi ò rí nǹkan kan. Bàbá pàápàá mi orí pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ó wà ńbẹ̀! Ẹ tún un ṣe." Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Iṣan kan ti ta pútú lábẹ́ awọ, ó kéré débi pé kò lè gbé eṣinṣin. Ẹni tó ni ọwọ́ kò mọ̀, ojú àwa tí à ń wò kò tó o. Ẹni tó fọwọ́ kàn án nìkan ló mọ̀ pé ìgbọràn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o dúró lórí èyí díẹ̀. Ìgbọràn rẹ lè kéré bẹ́ẹ̀ lónìí. O fẹ́ dárí ji ẹnì kan, ohun tí o sì lè ṣe kò ju pé o dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà láìpòṣé. O fẹ́ padà sí inú Ìwé Mímọ́, o ṣí i, o ka ẹsẹ kan, oorun gbé ọ lọ. Ìwọ á ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ Rẹ̀ wà lára rẹ ti gbọ́ ọ kí ìwọ tó mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn oníṣègùn ń fi sùúrù kan ibi tó rọ báyìí. Kí àwọn ọdún 1940 tó dé, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ni kí wọ́n fi ibi tó rọ sílẹ̀, kí wọ́n fi irin tàbí pákó dè é kó má baà ká, kí wọ́n wá kọ́ ìhà tó lágbára láti máa ṣe iṣẹ́ ìhà méjèèjì. Berta Bobath wà lára àwọn tó yí i padà. Wọ́n bí i ní Berlin ní 1907, ó kọ́ iṣẹ́ eré ìdárayá, Júù sì ni; ó sá kúrò ní Jámánì nígbà Hitler, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé ayàwòrán kan tí rọpárọsẹ̀ mú fún un láti tọ́jú. Apá ọkùnrin náà ti ká, ó le gbagidi. Berta kò bá a jà. Ó rọra ń gbé e, ó ń fi ọwọ́ tẹ́tí sí i, ó sì rí i pé bí òun bá tún ìjókòó ara ṣe, tí òun mú èjìká rìn díẹ̀díẹ̀, líle náà á dẹ̀. Karel ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀ nínú ìmọ̀ ọpọlọ. Wọ́n lo ìyókù ayé wọn lórí iṣẹ́ yìí, pàápàá lára àwọn ọmọdé tí ọpọlọ wọn ti fara pa láti kékeré, títí àwọn méjèèjì fi kú ní 1991.

Kí n má bò ó mọ́ ọ lójú: láti ìgbà náà, àwọn olùwádìí ti fi ọ̀nà Bobath wé àwọn ọ̀nà mìíràn, wọn kò rí i pé ó jù wọ́n lọ. Àwọn físíò sì ń bá ara wọn jiyàn dòní lórí ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ wọn kúrò lára aláìsàn kó lè máa dá iṣẹ́ gidi ṣe. Ìjà wọn nìyẹn. Ohun tí mo mú nínú ìtàn obìnrin náà ni pé kò gbà kí a pa ibi tó rọ tì.

Nítorí àwa náà ń pa á tì. Ìhà tó lágbára ni a ń gbé wá síwájú Ọlọ́run. Ẹni tó mọ orin kọ ń kọrin kíkankíkan, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í léèrè àbúrò rẹ̀ tí wọn kì í jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó lawọ́ ń nawọ́, kò sì fẹ́ kí a dé ibi ìbínú rẹ̀. A ti kọ́ bí a ti ń fi ìhà kan rìn, a sì rìn ín dáadáa débi pé àwọn tó wà nínú ìjọ kò mọ̀ pé ìhà kejì ti rọ. Olùfẹ́, níbo ni tìrẹ? Má dárúkọ rẹ̀ fún mi. Dárúkọ rẹ̀ fún Un, kí o sì jẹ́ kí Ó fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo bá Bàbá àti ọmọ náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì. Ọwọ́ Bàbá ń gòkè, ọmọ náà sì ń tì í wálẹ̀! "Ẹ má gbà fún mi o, sà. Ẹ má jẹ́ kí n tì yín." Ọwọ́ kan náà tó ń gbé e ló wá ń tì í.

Ní òpin àwọn ọdún 1940, ní ìlú Vallejo ní California, ni dókítà kan tó ń jẹ́ Herman Kabat àti Margaret Knott, tó jẹ́ físíò, ti mú ọ̀nà títì yìí dàgbà. Henry Kaiser, olówó tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní àrùn kan tó ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́. Wọ́n rí i pé iṣan tí nǹkan kò tì máa ń tòògbé, èyí tí nǹkan tì dáadáa máa ń jí. Wọ́n tún rí i pé bí wọ́n bá fún ibi tó lágbára ní iṣẹ́ ńlá ṣe, agbára rẹ̀ máa ń ṣàn dé ibi tó rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Ìdí kan nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe dá nìkan gbàdúrà ní gbogbo ìgbà. Jókòó ti ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lásìkò tí tìrẹ ń sùn.)

Títì yẹn ní òfin. Físíò kò gbọ́dọ̀ tì í débi pé ọwọ́ yóò dúró. Bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tàbí tí aláìsàn ń há èémí mọ́ra, ó ti pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ dín in kù lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè fi ẹ̀rọ ṣe é bó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe é. Ó ń tì, ó ń gbọ́, ó ń dín in, ó ń fi kún un, gbogbo rẹ̀ láàárín ìgbésókè ọwọ́ kan ṣoṣo.

Mi ò ní sọ fún ọ pé gbogbo ohun tó ń tì ọ́ lónìí, Ọlọ́run ló rán an. Bí onílé bá ń fòòró rẹ, onílé ni. Àmọ́ àwọn ìgbà kan wà tí o gbàdúrà fún sùúrù, tí ọmọ tó ń dán sùúrù wò sì pọ̀ sí i nínú ilé. Tí o bẹ Ọlọ́run fún ìgbàgbọ́, tí ọ̀nà tí o mọ̀ sì dí. O rò pé ọwọ́ tó gbé ọ ti lọ, ọ̀tá ló kù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà. Bí o bá fi ara balẹ̀, o lè rí i pé ìgbẹ́sẹ̀ rẹ kò tíì dúró pátápátá, pé nígbà tí ìwọ ń gbọ̀n, nǹkan kan dẹ̀ díẹ̀: ẹnì kan pè ọ́, oúnjẹ ọjọ́ yẹn dé, oorun kùn ọ́.

Ọjọ́ burúkú sì wà. Bàbá dé ní Mọ́ńdè kan, ohun tó ṣe ní Fúráìdè, kò lè ṣe é. Ọwọ́ náà kò dáhùn rárá. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sùn dáadáa, ìyẹn sì tó láti dá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ padà sẹ́yìn fún ọjọ́ kan. Bàbá tó ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́kún, ó ní kí wọ́n máa gbé òun lọ sílé.

Mo rò pé ọmọ náà yóò gbà á níyànjú, yóò sọ pé kó gbìyànjú, pé ṣebí ó ṣe é lọ́jọ́ sí. Kò sọ ọ́. Ó nu ojú fún Bàbá, ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. "Kò burú, sà. Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n gbé e fún yín."

Olùfẹ́, bí o bá jẹ́ ẹni tó tún ṣubú lórí ohun kan náà lánàá, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí o gbọ́ lónìí. Kò sí ìwé ẹjọ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìrìn. Ó mọ ọ̀nà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì rẹ̀ Ẹ́ láti gbà á.

Bàbá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò padà tán. Ó lè di ife mú bí wọ́n bá fi sí i lọ́wọ́, títú ìka kúrò lára rẹ̀ ló ṣòro. Àwọn kan wà tí ọwọ́ tiwọn kò ní padà rárá láyé yìí, tí àwọn náà gbàdúrà tí wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tí físíò ní kí wọ́n ṣe. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó tì wọ́n rí.

Bí irú wọn bá wà nílé rẹ, jọ̀wọ́, kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n, sọ fún wọn. Ìhà tó rọ ni kí o gbà wá bá wọn, bí dókítà kò bá ti sọ òmíràn, kí ojú wọn lè máa kọ sí i. Má ṣe fà wọ́n lápá dìde, má sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn láti gbé wọn: iṣan tó di èjìká mú ti rọ, egungun lè yẹ̀ kúrò ní oríkèé, ìrora rẹ̀ sì lè pẹ́ ju àìsàn náà lọ. Jẹ́ kí wọ́n sún wá sí etí àga, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n tẹ orí síwájú. Ìwọ fi ọwọ́ kan ti orúnkún tó rọ kó má baà yẹ̀, kí o sì dúró. Dídúró yẹn ló le jù fún àwa tí ara wa dá. Ka iye èémí tí o bá fẹ́, àmọ́ má ṣe gbé wọn kí wọ́n tó gbìyànjú.

Àdúrà: Olúwa, a kò mọ̀ Ọ́ lára lónìí bí a ti fẹ́. Má jẹ́ kí a torí ìyẹn fa ara wa kúrò lọ́wọ́ Rẹ. Fọwọ́ kan ìhà tí à ń fi pamọ́. Rántí àwọn físíò tí ẹ̀yìn ń ro nítorí iṣẹ́ wọn, àti àwọn ìyàwó, ọkọ àti ọmọ tó ń wẹ aláìsàn kí wọ́n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Fún ẹni tó máa gbìyànjú láti di ṣíbí mú ní oúnjẹ alẹ́ yìí, fún un ní sùúrù, kí O sì fún àwọn tó jókòó tì í náà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.